Orin Àwẹ̀ró Nígbà Ìyàn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, ó dá lórí Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin ìlú Òkèrò, àti ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fọ́. Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀yin lẹ óò máa gbe orin o.

Nígbà náà, ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà ni. Ìyàn mú ní Òkèrò. Òjò kò rọ̀ lọ́dún kìíní, kò rọ̀ lọ́dún kejì. Iṣu tán, àgbàdo tán. Ọ̀rọ̀ pàápàá tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á kọjá.

Àwẹ̀ró nìkan ló ń kọrin. Láràárọ̀ ló ń lọ já ewé nínú igbó, nírọ̀lẹ́ ló ń padà. Ìyá rẹ̀ ti rù hangogo. Ó ti sọ fún un pé, "Àwẹ̀ró, bí mo bá gbọ́ orin rẹ lójú ọ̀nà, ara mi á yá, màá lè gbé oúnjẹ mì. Ọjọ́ tí n kò bá gbọ́ ọ, ó parí nìyẹn." Nítorí náà, bí inú Àwẹ̀ró dùn, bí kò dùn, á kọ ọ́:

Ìyá mi, ṣé ẹ wà ńlé?
*Ilẹ̀ á mọ́ o!*
Ebi pa wá lánàá,
*Ilẹ̀ á mọ́ o!*
Ebi pa wá lónìí,
*Ilẹ̀ á mọ́ o!*
Mo ń bọ̀, ẹ má sùn,
*Ilẹ̀ á mọ́ o!*

Inú bí àwọn ará ìlú. "Kí lọmọ yìí ń jẹ tó fi ń kọrin?"

Ìmàdò, olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú, dáhùn pé, "Oúnjẹ ló fi pamọ́!"

Ló bá gba ilé Àwẹ̀ró lọ. Ó ta ìkòkò nípàá, gbàlà! Ewé gbúre lásán ló dà sílẹ̀. Àwẹ̀ró ṣa ewé náà, ó fọ̀ ọ́, ó lọ sunkún lẹ́yìn ilé kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó kọrin.

Ìmàdò tún padà. Ó fi eyín rẹ̀ tú ilẹ̀ yàrá, gbì, gbì, gbì! Erùpẹ̀ ló rí. Àwẹ̀ró kó erùpẹ̀ padà sí kòtò, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó tẹ́ ẹní ìyá rẹ̀ sórí rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó kọrin.

Ìgbà kẹta, Ìmàdò dá a lọ́nà, ó wọ́ ọ tuuru dé ààfin.

Ọba ní, "Níbo lo kó oúnjẹ pamọ́ sí?"

"Kábíyèsí, n kò ní oúnjẹ."

"Kí lo wá ń kọrin sí?"

"Ìyá mi ni mò ń kọ ọ́ fún."

Ọba kò gbà gbọ́. Ó ní kí wọ́n so ó mọ́ òpó iwájú ààfin títí yóò fi jẹ́wọ́. Wọ́n so ó gbagidi. Àwọn èèyàn ń fi í ṣẹ̀sín. Oòrùn ń rọ̀. Àwẹ̀ró rántí ìyá rẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń dẹtí. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó lanu. Ẹ bá a gbè é o:

Ìyá mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?
*Ilẹ̀ á mọ́ o!*
Okùn ló dá mi dúró,
*Ilẹ̀ á mọ́ o!*
Ẹ jẹun, ẹ má sùn,
*Ilẹ̀ á mọ́ o!*

Ìyá gbọ́. "Kí lọmọ mi ń ṣe lápá ààfin?" Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé oríta, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Àwẹ̀ró kọrin. Ó yà sọ́tùn-ún. Ó kọsẹ̀, ó ṣubú, pòò! Àwẹ̀ró kọrin. Ó dìde. Ó dé iwájú ààfin, ó na ọwọ́ síwájú.

"Àwẹ̀ró, ibo lo wà?"

"Mo wà níbí, ìyá mi."

Ọba sọ̀ kalẹ̀, ó di arúgbó náà lápá mú. Egungun lásán ni. "Ta ló máa ní oúnjẹ nílé, tí ìyá rẹ̀ á rí báyìí?" Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn náà. "Dárí jì mí, ọmọ mi."

Ìmàdò sá lọ. Wọ́n rò pé ojú ló ń tì í. Kò pẹ́, ó padà dé pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi gan-an ni mo fi iṣu pamọ́ sábẹ́ ibùsùn mi. Mo rò pé bí mo ṣe ń ṣe ni gbogbo ayé ń ṣe."

Ìyàwó àgbẹ̀ kan bú sẹ́kún, ó sáré lọ gbé ẹ̀wà tí òun náà fi pamọ́ wá. Ẹlòmíràn gbé ilá gbígbẹ wá. Ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kaná. Kò yó ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, títí òjò fi ṣú, tó sì rọ̀ wàràwàrà. Ìyá Àwẹ̀ró jẹ iṣu tuntun ọdún náà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n bu sí i.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ìyà bá ń jẹ yín, tí wọ́n tún ń fẹ̀sùn èké kàn yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ìrètí lọ́wọ́ yín. Ó lè jẹ́ ohùn yín ni ẹlòmíràn gbójú lé. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú ìṣòro, ẹ má sọ pé ara ń dẹ̀ ẹ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í bó ṣe ń ṣe é.

Ó tán lẹ́nu mi, ó di tiyín.