Ẹrẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Jẹ́nrọlá

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Jẹ́nrọlá, ìyàwó apẹja kan ní etí ọ̀sà, ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, àmọ́ kò mọ̀ pé ó kan òun. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń gbá ìgbẹ́ adìẹ rẹ̀ sínú omi ọ̀sà tí kò ju orúnkún lọ lẹ́yìn ilé. Bàbá ọkọ rẹ̀ kìlọ̀ títí: "Ìyàwó, omi yìí kì í ṣàn. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀ pamọ́."

Nígbà tó yá, ó ta àwọn adìẹ náà, ó fi igi sọgbà sínú omi kan náà, ó sì da ọmọ ẹja sí i. Ẹja ń dàgbà, inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi gbóná, ni ewéko wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ bá bo ojú omi, ó ń rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àwọn ẹja tí wọ́n lanu sókè, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí! Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti jáwọ́ nínú adìẹ sísìn!"

"Ìwọ lo jáwọ́, ẹrẹ̀ ò tíì jáwọ́. Ohun tó o fún un jẹ ló ń bì, òun ló bọ́ ewéko tó gba èémí ẹja yìí. Tú ọgbà náà kí àwọn ẹja tó kú tán!"

Iṣẹ́ oṣù méje! Ó ń fa igi ọgbà tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹja tó ṣì lágbára sá lọ sínú agbami ọ̀sà, àwọn yòókù léfòó. Títí di òní, kí Jẹ́nrọlá tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ lọ wo àwọ̀ omi.