Ọ̀kẹ́rẹ́ Aláṣọ àti Àwọn Ẹ̀gà Ahunṣọ

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi já gbòò, ó wọ ìsọ̀ aláṣọ, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ló ń ta aṣọ fún gbogbo ẹranko inú igbó. Alántakùn, ará ilé wọn, ló ń hun ún fún un. Aṣọ náà ki, ó sì ń tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí Ẹfọ̀n bá ti fọwọ́ kàn án, á yínmú. Á ní, "Ó wọ́n jù. Ṣé wúrà lẹ fi hun ún ni?" Ìgalà náà á ní, "Èmi tí kì í wọ aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì, kí n wá rà á lówó gọbọi?" Ẹ̀yin ọmọ, aṣọ ti kún àpótí Ìgalà débi pé kò ṣeé dé mọ́ o.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bá pa Alántakùn tì. Ó sọdá odò, ó lọ bá àwọn Ẹ̀gà lórí igi àràbà gbígbó kan. Ó ní kí wọ́n máa hunṣọ fún òun ní ìdajì owó.

Ìyá Ẹ̀gà ní, "Bàbá aláṣọ, ìdajì ò lè bọ́ àwọn ọmọ wa."

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Àwọn Èèrà ń bẹ níwájú tí wọ́n ń hunṣọ, wọ́n á gbà á."

Ni Ẹ̀gà bá gbà. Wọ́n ń hun, wọ́n ń hun, títí kan àwọn ọmọ tí ìyẹ́ wọn ò tíì gún. Orin wọn nìyí, ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀kẹ́rẹ́ dákun, fi díẹ̀ kún un,
*Ó wọ́n jù, ó wọ́n jù.*
Apá ń ro wá, ojú ń ta wá,
*Ó wọ́n jù, ó wọ́n jù.*
Ọmọ ò tíì jẹun àná,
*Ó wọ́n jù, ó wọ́n jù.*

Ọdún wá ń bọ̀. Ẹfọ̀n ní aṣọ òun gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti èṣí lọ, kó sì pọ́ọ́kú. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré tọ Ẹ̀gà lọ.

Ìyá Ẹ̀gà ní, "Igi yìí ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kó kúrò lórí rẹ̀ ná."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ọwọ́ bọ ibi tí igi ti sán. Ọwọ́ wọlé pátápátá. Ó fà á yọ, ó ní, "Ẹ parí tèmi ná. Bí ẹ bá kó kúrò, ọ̀dọ̀ Èèrà ni mò ń lọ."

Wọ́n dúró. Kò pẹ́ rárá, igi wó, gbìràmù. Ó pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ, àwọn ọmọ ló pọ̀ jù. Ọ̀kẹ́rẹ́ fa aṣọ yọ lábẹ́ ẹ̀ka, ó gbọn eruku dànù, ó gbé e lọ tà.

Lọ́jọ́ ọdún, Ìyá Ẹ̀gà wọ́ ìyẹ́ tó kán dé agbo ijó. Ó dúró níwájú Ìgalà. Ó ní, "Aṣọ ọrùn yín yìí, ọmọ mi ló hun ún. Ìdí iṣẹ́ ló kú sí."

Ìgalà wo aṣọ, omi lé ròrò sí i lójú. Ó fi etí aṣọ náà nu ojú. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó rọra bi í létí pé, "Àwọn Èèrà yẹn, èló ni wọ́n ń gbà?"

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé rèé, mo sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó kọ́ wa ni pé ọjà tó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ wa, ẹlòmíràn ló ti san ìyókù. Ẹni tó ná ọjà dé eegun, tó wá ń sunkún òkú ahunṣọ, òun àti Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n.