Àwẹ̀ró Ya Ọba Mọ́ Ògiri

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rìn, ó rìn, ó lọ fara ti ògiri ààfin Ajùbà. Ẹ má pè é nírọ́ o. Ìlú wo lẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ rí?

Ní ayé àtijọ́, àwọn obìnrin Ajùbà ló máa ń kun ògiri ààfin bí ọdún iṣu bá ń bọ̀. Ẹni tó kùn ún á kọrin pe ọba síta. Kí ọba tó wò ó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọ ọ́, àfi ẹni tó kùn ún.

Ó wá kan Àwẹ̀ró. Ó lọ osùn, ó lọ èédú, ó lọ ewé. Ló bá ya ọba tó ń sùn lórí ìtẹ́. Nínú àwòrán náà, adìẹ yé ẹyin sínú adé rẹ̀. Àwọn ará ìlú tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń retí ìdájọ́.

Ha! Kó tó kọrin, ìlú ti pín sí méjì.

"Òótọ́ ló yà!"

"Àrífín ni!"

Ọkọ kan tìtorí ẹ̀ kọ oúnjẹ. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Kọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn ọmọ á jẹ ẹ́."

Ọ̀tún, igbákejì ọba, wá bá Àwẹ̀ró.

"Fọ ọ́."

"Mi ò fọ ọ́, Bàbá."

"Fọ ọ́!"

"Mi ò fọ ọ́."

"Bí oòrùn bá wọ̀ tí o ò fọ ọ́, ìwọ àti ìyá rẹ, ẹ fìlú sílẹ̀!"

Ìyá Àwẹ̀ró ti darúgbó, kò lè rìn dé ìdí ààrò. Àwẹ̀ró wo omi. Ó wo kànrìnkàn. Ó wo ògiri. Ló bá forin sẹ́nu:

Ọba Ajùbà o,
*Jáde wá wò ó!*
Mo kùn ún tán o,
*Jáde wá wò ó!*
Bó dùn, bí ò dùn o,
*Jáde wá wò ó!*

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ gbè é. Àwọn tó ń bú u náà, wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n gbè é. Ọ̀tún pàápàá pariwo, "Jáde wá wò ó!" Kíá ló fọwọ́ bo ẹnu.

Ariwo yẹn ló jí ọba. Oorun ló ń sùn lóòótọ́! Ó jáde, ó ń nu ojú. Ó wo ògiri títí.

"Àwẹ̀ró, ta lẹni tó wà níwájú àwọn tó tò yìí?"

"Bàbá Akérele ni, Kábíyèsí. Ẹjọ́ ilẹ̀ wọn ti pẹ́ nílẹ̀."

"Ẹ pè é wá. Ẹ gbé àga mi síta. Ògiri yìí, ẹ má fọ ọ́ o." Ló bá tún wò ó. "Ṣùgbọ́n adìẹ yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá!"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀tún nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Títí ó fi kú, bó bá ń kọjá níbẹ̀, ńṣe ló ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín: bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan bá bí yín nínú, ẹ bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é wò ó ná.

Àwẹ̀ró sáré délé, ó ń mí gúlegúle. Ìyá ẹ̀ ti gbọ́ ohun tí Ọ̀tún sọ, ó ti di ẹrù sórí ẹní.

"Ẹ tú u, Ìyá mi. A ò lọ síbì kankan mọ́."

Ibẹ̀ yẹn ni mo sọ ààlọ́ mi kalẹ̀ sí.