Alángbá àti Òróró Amẹ́sẹ̀hù

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ohùn yín ti rọ jù. Ìbídùn, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí o gbè é dáadáa. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó dáa. Ní ìgbà kan rí, nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú àwọn ẹranko, tàkúté mú ọmọ Ẹtu. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kán, ó wú, kò lè dìde. Ẹ sì mọ̀ pé ẹtu tí kò lè sáré, ẹran ọbẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìnàkí tó ń to eegun.

Ìnàkí yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Màá tò ó. Yóò dùn ún gan-an. Ó sì lè máa tiro díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ."

Ìyá wo ló fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀? Inú Ẹtu bàjẹ́. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Ehoro, aládùúgbò rẹ̀, ti fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i. Alángbá ló wà níbẹ̀. Ó gé ìrù ara rẹ̀, ó fi òróró pa á, ìrù sì hù padà. Ló bá ń mi orí: "Òróró Amẹ́sẹ̀hù rèé. Ẹ gé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, ẹ fi pa ojú rẹ̀, òmíràn á hù. Igbá esunsun kan péré lowó rẹ̀." Alángbá tó ní bí ẹnìkan ò yin òun, òun á yin ara òun, ṣé ẹ rò pé ó ti yí padà ni?

Ehoro ò jẹ́ kí Ẹtu sinmi.

"Ṣé o ò fi ojú ara rẹ rí i ni?"

"Mo rí i."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Ẹtu bu esunsun kún igbá, ó gbé e lọ sílé Alángbá. Alángbá ò sí nílé. Ìyá rẹ̀ ló ń yá oòrùn lórí ògiri. Ẹtu kúnlẹ̀ kí i, ó wá rí i pé ìdajì ìrù ìyá àgbà náà ní àwọ̀ ọ̀tọ̀.

"Mà, ṣé ẹ̀yin náà lo òróró yẹn ni?"

"Òróró wo? Ìrù mi já nígbà tí mo wà lọ́mọge, ó sì hù. Ti ìyá mi náà hù. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá wa nìyẹn, ọmọ mi."

Ẹtu dìde. Ó gbé igbá rẹ̀ padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Alángbá dúró ní gbàgede, ó ń pọ́n ọ̀bẹ, nítorí Ehoro ti sọ fún un pé Ẹtu máa gbé ọmọ rẹ̀ wá gé lẹ́sẹ̀. Gbogbo ẹranko ti pé láti wòran.

"Ẹtu, ọmọ dà?"

"N kò gbé e wá. Ìrù lo gé nínú fídíò. Ìrù yín sì ń hù láìsí òróró, ìyá rẹ ló sọ fún mi. Gé ọwọ́ rẹ níwájú wa báyìí, kí o fi òróró pa á. Bó bá hù, màá gbé ọmọ mi wá."

"Ẹ tún fídíò yẹn wò," ni Alángbá wí.

"A ti wò ó. Ọwọ́ rẹ la fẹ́ wò."

Ehoro ní, "Ẹtu, má ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́."

"Ọmọ tèmi ni wọ́n fẹ́ gé lẹ́sẹ̀, Ehoro. Mi ò kúrò níbí."

Ìgbà yẹn ni Ọ̀kẹ́rẹ́ rọra ń sọ̀kalẹ̀ látorí igi. Ọwọ́ kan ló fi ń di igi mú. Èkejì ti di kùkùté.

"Mo lò ó," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Kò hù."

"Kí ló dé tí o ò sọ?" ni Ẹtu bi í.

"Ojú ń tì mí. Alángbá ní n kò fi pa á dáadáa. Gbogbo yín sì ń yìn ín."

Gbogbo wọn ń wo kùkùté ọwọ́ náà. Kí wọ́n tó yíjú padà, Alángbá ti fò mọ́ ògiri, ó ti wọ inú ihò, ó fi gbogbo esunsun tó ti gbà sílẹ̀.

Ìnàkí to ẹsẹ̀ ọmọ Ẹtu. Ọmọ náà ké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bu ìyá rẹ̀ jẹ. Ó ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sáré. Ọwọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ò hù títí ó fi kú.

Ìdí àlọ́ mi rèé, àgbà àti èwe, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi: bí wọ́n bá fi ẹni tí oògùn tuntun wò sàn hàn yín, ẹ má tíì bu nǹkan kan fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó lò ó tí kò sàn. Òun kọ́ ni wọ́n máa fi hàn yín nínú fídíò.