Ẹfọ̀n Olórí Àáró àti Ebè Tí Òjò Kó Lọ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa. Àbí iyán alẹ́ ló dí yín lọ́fun? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ tèmi kò jókòó sílé. Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó gba oko lọ, ó lọ bá Ẹfọ̀n tí í ṣe olórí àáró. Móradéún, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹranko jọ ń ṣe oko, àwọn kan kó ara wọn jọ, wọ́n dá àáró sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ àáró?

"Rárá, Ìyá."

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Àáró ni pé gbogbo wa jọ ṣe oko tìrẹ lónìí, a jọ ṣe tèmi lọ́la, títí yóò fi kárí. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́.

Etu wà nínú àáró yìí, ẹlẹ́sẹ̀ fúfúyẹ́. Ìjímèrè wà níbẹ̀, aláwàdà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fárónbí náà wà níbẹ̀, èèyàn bíi tèmi tìrẹ, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹfọ̀n sì ni olórí gbogbo wọn.

Ẹfọ̀n mọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Bí wọ́n bá dé oko tuntun, á kọ́kọ́ dá dúró, á wo ilẹ̀ lọ, á wo ilẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà á kọ ebè gbọọrọ àkọ́kọ́, á ní kí àwọn yòókù máa tẹ̀ lé òun. Kí ló ń wò? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí ẹnì kan bá bèèrè, á ní, "Ṣé ipò mi lo fẹ́ gbà ni?"

Bí ebè ẹnì kan bá wọ́ díẹ̀ báyìí, Ẹfọ̀n ò ní ṣàlàyé fún un. Á fi èjìká tì í sẹ́yìn, á gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á tún un kọ fúnra rẹ̀, á sì máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "kìji-kìji" ni ẹ ó máa wí:

Kúrò ńbẹ̀, jẹ́ n ṣe é,
Kìji-kìji.
Ọwọ́ rẹ ò tíì yá,
Kìji-kìji.
Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n,
Kìji-kìji.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Nígbà tó yá, àwọn ará àáró ò yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Ìjímèrè á fi ọkọ́ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á jókòó, á ní, "Ọ̀gá ń bọ̀ wá ṣe é."

Inú Ẹfọ̀n sì ń dùn. Bó bá délé, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Bí mi ò bá sí níbẹ̀, wọn ò lè dá nǹkan kan ṣe."

Ìyàwó á ní, "Baálé mi, ṣé ohun tó yẹ kí inú yín máa dùn sí nìyẹn?"

Ẹfọ̀n á kẹ̀yìn sí i, á sùn.

Ó wá kan oko Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni oko náà wà, ó dà lọ sí odò. Ọ̀dá ọdún tó kọjá ti jẹ àká wọn gbẹ, èbù iṣu tí wọ́n máa gbìn nìkan ló kù nílé. Bí èyí ò bá ta, ebi ni yóò pa òun, ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, ni ẹ̀gún ńlá kan bá wọ Ẹfọ̀n lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ wú, kò lè dìde.

"Yéè!"

Ẹ fi yéè yẹn pamọ́, ẹ ṣì máa lò ó.

Etu ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀ sinmi. A máa ṣe é."

Ẹfọ̀n fẹ́ ṣàlàyé fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó wá rò ó pé bí òun bá sọ gbogbo ohun tí òun mọ̀, kí ni wọ́n á tún fi máa pe òun ní olórí? Ó gbé e mì. Ó ní, "Ẹ sáà jẹ́ kó tọ́."

Wọ́n jẹ́ kó tọ́ lóòótọ́. Wọ́n kọ ebè láti orí òkè lọ tààrà sétí odò, ó tọ́ bí okùn tí wọ́n nà. Wọ́n gbin ìdajì èbù. Wọ́n ní Bàbá á yọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn òjò dé.

"Yéè!"

Ẹ ṣeun. Omi rí poro tó wà láàárín ebè, ó sọ ọ́ di ọ̀nà, ó ń sáré bọ̀ láti orí òkè, ó ń wó ebè, ó ń kó wọn lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo wọn rọ́ wá bá Ẹfọ̀n. Etu ń sunkún.

"Bàbá, òjò ti kó ebè lọ."

"Èbù ńkọ́?"

"Ó ti bá odò lọ."

Ẹfọ̀n bú ramúramù. "Ta ló ní kí ẹ dojú ebè kọ odò? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ńṣe là ń dábùú ebè lórí òkè, kó lè dá omi dúró?"

Fárónbí ló wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Bàbá, láti ọjọ́ tí a ti ń bá yín ṣiṣẹ́, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ojú ti Ẹfọ̀n. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìyàwó rẹ̀, tó ń gbé ìyókù èbù bọ̀ nínú agbọ̀n. Obìnrin náà ní, "Èyí ló kù. Bí èyí náà bá lọ, ó tán."

Òjò sì tún ti ń ṣú.

Ẹfọ̀n ní, "Ẹ gbé mi lọ sóko."

Ẹ mọ bí ẹfọ̀n ṣe ń wúwo tó? Wọ́n to igi pọ̀, wọ́n gbé e lé e, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ títí wọ́n fi dé orí òkè. Wọ́n sọ̀ ọ́ síbẹ̀.

"Etu, bí òjò bá rọ̀, ibo lomi máa gbà?"

Etu wo ilẹ̀ lọ, ó wo ilẹ̀ bọ̀, ó nàka.

"Báwo la ṣe máa dá a dúró?"

"Ká dábùú ebè síbẹ̀, Bàbá."

"Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ebè tí Ìjímèrè kọ́kọ́ kọ sì wọ́ bí ìrù rẹ̀. Ọwọ́ ń yún Ẹfọ̀n. Èjìká rẹ̀ ti sún síwájú, orin ti dé ọ̀fun rẹ̀.

"Ó máa kọ orin yẹn, Ìyá!"

Kò kọ ọ́. Ó ní, "Ìjímèrè, wò ó dáadáa. Kí lo rí?"

Ìjímèrè fẹ́ ṣàwàdà, ó rí ojú Ẹfọ̀n, ó wo ebè rẹ̀. "Ó ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀tún, Bàbá. Omi á gbabẹ̀ kọjá."

"Kí lo máa wá ṣe sí i?"

Kò sẹ́ni tó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjímèrè fúnra rẹ̀ ló dí i. Orí rẹ̀ sì wú, nítorí kò tíì parí ebè kan rí láyé rẹ̀.

Ààrá ń sán. Ọkọ́ ń lọ sókè, ọkọ́ ń balẹ̀, ìyàwó Ẹfọ̀n ń ki èbù bọlẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Bí èbù tó kẹ́yìn ṣe wọlẹ̀ ni òjò dà. Kò sẹ́ni tó sá lọ sílé. Gbogbo wọn dúró nínú òjò, wọ́n ń wo omi tó ń bọ̀. Omi sáré dé ebè àkọ́kọ́, ó dúró. Ó tàn kálẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó ń wọnú ilẹ̀ lọ. Ó dé ti Ìjímèrè. Ẹfọ̀n na ọrùn wò ó. Ebè Ìjímèrè ò mì.

Ìjímèrè fò sókè, Etu ń jó, Ẹfọ̀n náà gbàgbé ẹ̀gún, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta jó nínú ẹrẹ̀.

Iṣu ta lọ́dún yẹn. Nígbà tí àáró tún bẹ̀rẹ̀, ní oko Fárónbí, Etu ló wo ilẹ̀ lọ tó wo ilẹ̀ bọ̀, Ẹfọ̀n sì tò sẹ́yìn, ó ń kọ ebè tirẹ̀. Ìjímèrè wá dúró tì í.

"Bàbá, ẹ wò ó dáadáa. Kí lẹ rí?"

Ẹfọ̀n wo ebè rẹ̀. Ó wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: olórí tó ń gba ọkọ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn kò tíì ṣe iṣẹ́ olórí. Iṣẹ́ olórí ni kó kọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e, títí wọ́n á fi lè ṣe é lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Àlọ́ mi ti oko dé, ó ti fọ ẹsẹ̀, ó ti gbé ọkọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ebè mi máa wó lójú mi. Móradéún, ká ẹní yìí. Rárá, mi ò ní bá ọ ká a.