Kẹ̀kẹ́ Ìwọ̀ Olóyè Àjànà

Ẹ gbọ́ ohun tí Fádùnsìn, obìnrin tó ń tún irinṣẹ́ ìpẹja ṣe lábẹ́ igi àgbọn létí ọ̀sà, fi ojú Olóyè Àjànà rí. Olóyè, tó ti ń wá bó ṣe máa gba ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ká okùn ìwọ̀ dé, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa rẹ́ lára rẹ̀, kò sì yí mọ́, okùn ara rẹ̀ nìkan ló jẹ́ tuntun. Ó ní, "Tún un ṣe níṣojú mi, o ò sì gbọdọ̀ tú ìkankan nínú àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é pọ̀. Bí kò bá yí, kó ẹrù ẹ kúrò níbí lónìí." "Mo gbọ́ o, Bàbá." Fádùnsìn mì í sétí, ó gbọ́ yanrìn. Ó rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí iyọ̀ lè yọ́, ó gbé e bọ inú bàsíà kẹrosíìnì, ó wá so orí okùn mọ́ ọkọ̀ Akínsúyì apẹja tó ń lọ sójú omi. Ó di kẹ̀kẹ́ mú ṣinṣin nínú bàsíà, ọkọ̀ ń lọ, okùn ń fà, kẹ̀kẹ́ han gooro, ó dúró, ó tún han, ló bá ń yí, yanrìn sì ń tú sínú bàsíà. Nígbà tí okùn ti lọ jìnnà, Akínsúyì tú orí okùn sílẹ̀ sójú omi. "Irọ́ ni!" Olóyè figbe ta. "Ọkọ̀ ló ń fà á, kò yí!" Fádùnsìn nu kẹ̀kẹ́, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Àmọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀ yẹn máa gé okùn yín o." Olóyè fò dìde, ó ń fi kẹ̀kẹ́ ká okùn, ó ń ká a, kẹ̀kẹ́ ń yí lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ìgbà tí orí okùn kàn án lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni Fádùnsìn wí, ó sì jókòó padà sábẹ́ igi àgbọn rẹ̀.