Ọ̀nà Omi Tó Yí Ọ̀pẹ Ìgè Ká

Ilẹ̀-gbọ́-kò-fọhùn, awo abẹ́ ògiri,
Omi-mọ̀nà-kò-lẹ́sẹ̀, awo ẹ̀yìnkùlé,
Àwọn ló díá fún Àwẹ̀ró,
A-gbómi-kaná-de-ẹni-tí-kò-sí-nílé,
Níjọ́ tí omi kọ̀ tí kò jáde nínú ilé rẹ̀,
Tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì jáde tí kò wọlé mọ́.

Àwẹ̀ró jẹ́ opó àgbàlagbà ní ìlú Ìjọ̀mi. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ìgè ni wọ́n sọ ọmọ náà, nítorí ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ nígbà tó ń bọ̀ wáyé. Wọ́n bo ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá balùwẹ̀, wọ́n sì gbin ọ̀pẹ sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé náà. Ọ̀pẹ ń ga, Ìgè ń ga. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ wáyé, ta ni yóò ní kó jókòó? Nígbà tó di géńdé, ó bá àwọn oníyọ̀ lọ sí etí òkun.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi gbé omi kaná o. Bí mo bá dé, ìwẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ wẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ọdún mẹ́tàlá kọjá.

Gbogbo ọjọ́ ọjà, nítorí ọjọ́ ọjà ni àwọn oníyọ̀ máa ń dé, Àwẹ̀ró a gbé ìkòkò omi kan kaná. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bù ú. Tí oòrùn bá wọ̀, tí omi bá tutù, yóò rù ú lọ sí balùwẹ̀, yóò dà á nù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ yàrá Ìgè lọ, yóò jókòó sórí ẹní tí kò sẹ́ni tó sùn lé. Àárò ọmọ ń sọ ọ́ gan-an ni.

Lọ́dún kẹtàlá náà ni omi balùwẹ̀ kọ̀ tí kò jáde mọ́. Àwọn baba ńlá ọkọ rẹ̀ ló to àwọn ìkòkò aláìnídìí sábẹ́ ilẹ̀, ẹnu bọ ìdí, láti balùwẹ̀ dé ẹ̀yìn odi. Ibẹ̀ ni omi ẹ̀gbin ilé ń gbà. Wàyí o, omi ń padà sẹ́yìn. Ó ń rùn. Ó wọ abẹ́ ògiri yàrá Ìgè, ògiri amọ̀ náà wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Òórùn kọ́ ló dun Àwẹ̀ró. Bí yàrá yẹn bá wó, ibo ni Ìgè yóò wọ̀ sí bó bá dé?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní kó fi ẹyẹlé, epo, iyọ̀ àti ọkọ́ tuntun rúbọ. Wọ́n ní ẹbọ kò tíì tán. Wọ́n ní kó má ṣe gba agbẹ́lẹ̀ tó bá dá ọjọ́ tí yóò parí iṣẹ́ kó tó béèrè ẹni tó wà nínú ilẹ̀. Wọ́n ní kó gbé ìkòkò omi Ìgè kúrò nídìí iná, kó gbé e sí ẹnu kòtò tí agbẹ́lẹ̀ bá gbẹ́, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá máa mu níbẹ̀.

Àwẹ̀ró rú ẹyẹlé, ó rú epo, ó rú iyọ̀ àti ọkọ́. Nígbà tó kan ìkòkò, ó ní, "Omi Ìgè kọ́ ni àlejò yóò mu." Ojú sì ń kán an nítorí ògiri, kò rántí ọ̀rọ̀ agbẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó ránṣẹ́ pe Láwọyin, agbẹ́lẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ayára. Ẹnu ọ̀nà ni Láwọyin dúró sí. Ó ní, "Ìyá, ọjọ́ mẹ́ta ni. Ẹ fọkàn balẹ̀." Inú Àwẹ̀ró dùn. Láwọyin gbẹ́ ilẹ̀ láti ẹ̀yìn odi wá, lọ́jọ́ kejì ó kan àwọn ìkòkò tó wà nítòsí balùwẹ̀. Ó fọ́ ọ̀kan. Gbòǹgbò ọ̀pẹ ló kún inú rẹ̀ bí kànìnkànìn.

Láwọyin nu òógùn ojú. Ó ní, "Ìyá, ọ̀pẹ yín ló dí ọ̀nà. Omi tí ẹ ń dà síbẹ̀ ló ń mu. N ó gé e, n ó hú ìdí rẹ̀, kí kòtò lè lọ tààrà."

Àwẹ̀ró wo gbòǹgbò náà. Omi tó ń dà nù nítorí Ìgè ló bọ́ ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ ló dí ọ̀nà omi. Omi ló ń wó yàrá Ìgè. Láwọyin ti gbé àáké kí Àwẹ̀ró tó sọ̀rọ̀. Àwẹ̀ró lọ jókòó sídìí ọ̀pẹ, ó fẹ̀yìn tì í.

"Ìwọ́ ọmọ mi ló wà níbí. Bí o bá gé e, kí ni yóò pè é wálé?"

"Ẹ kò sọ fún mi, Ìyá."

"Ìwọ náà kò béèrè."

Láwọyin kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi kòtò sílẹ̀ ní gbangba, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀lé e, òjò rọ̀. Kòtò kún, igun kan nínú yàrá Ìgè sì wó lulẹ̀ gbì. Àwẹ̀ró sunkún. Ìgbà náà ló tó rántí ohun tí àwọn awo sọ fún un.

Ó pe Oyèdìjí, bàbá arúgbó kan tí iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Oyèdìjí kò mú ọkọ́ wá. Ó bọ́ bàtà, ó kí ilẹ̀, ó ní, "Ìyá, àwọn wo ló wà nínú ilẹ̀ yìí?"

Omi lé ròrò sójú Àwẹ̀ró. Ó ń fọwọ́ tọ́ka, ó ń wí pé, "Ọkọ mi nìyí. Ìyá ọkọ mi nìyí. Ìwọ́ Ìgè nìyí." Oyèdìjí fi òkúta kéékèèké sàmì síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, "Ọ̀nà kan ò wọjà, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí omi yí ọ̀pẹ ká, kó gba iwájú ilé, kó dá títì ńlá kọjá lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò. Yóò pẹ́ o. N kò mọ ọjọ́ tí yóò gbà wá."

"Ẹ gbẹ́ ẹ."

Àwẹ̀ró gbé ìkòkò Ìgè kúrò nídìí iná. Lójú tirẹ̀, bí ẹni tó gbà pé ọmọ kò ní í wá mọ́ ni. Ó gbé e sí ẹnu kòtò, ó fi igbá dé e.

Kòtò náà la ojú ọ̀nà já. Àwọn oníyọ̀ tó máa ń kọjá láìwẹ̀yìn ní láti sọ ẹrù kalẹ̀, kí wọ́n máa gba orí igi tóóró kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ti ń dúró de ara wọn ni wọ́n ń mu omi. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, obìnrin oníyọ̀ kan tí ń jẹ́ Ẹfúnlékè mu tirẹ̀ tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ta ni ẹ gbé omi kalẹ̀ dè lójú ọ̀nà báyìí?"

"Ọmọ mi ni. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí n gbé omi kaná de òun."

Ẹfúnlékè gbé igbá sílẹ̀. Ó ní, "Ọkùnrin kan wà létí òkun, ọkọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò lè rẹrù mọ́. Àpò iyọ̀ ló ń rán. Ojú ń tì í láti wálé lọ́wọ́ òfo, ó sì ń rò pé ìyá òun á ti kú. Tí ọyẹ́ bá mú, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: omi tí ìyá mi gbé kaná á ti tutù."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé omi ṣì wà lórí iná."

Oyèdìjí to ìkòkò tuntun, ó bo kòtò, wọ́n tún igun yàrá mọ. Nígbà tó di oṣù kẹta lẹ́yìn náà, Ìgè dé pẹ̀lú ọ̀pá. Àwẹ̀ró gbá a mọ́ra, ó lọ gbé omi kaná. Nígbà tí Ìgè wọ balùwẹ̀, ìyá rẹ̀ kò dúró nílé. Ó dá títì kọjá, ó lọ dúró síbi tí omi ń gbà jáde. Ọdún mẹ́tàlá ló fi da omi Ìgè nù ní mímọ́. Èyí tó jáde lọ́jọ́ náà dúdú fún eruku ọ̀nà, ó ń hó fún ọṣẹ. Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó ń jó, ó ń yọ̀, ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Ẹ má gbàgbé pé ó kọ́kọ́ rú u lábọ̀, igun yàrá kan ló sì fi jìyà rẹ̀. Nígbà tó rú u pé, tó sì gbọ́ ìmọ̀ràn, ire wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ifá ní kí a gbọ́ rírú ẹbọ, kí a rú u tán. Kí a béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ kí a tó gbé ọkọ́ lé e.

Àwẹ̀ró gbẹ́bọ, ó rúbọ.
Omi jáde,
Ọmọ wọlé.